Oṣù mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀rọ ìkàwé aláwọ̀: ibi tó ti dáa àti ibi tó kù sí

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sojú abẹ níkòó kí n tó máa bá àlàyé lọ. Ẹ̀rọ ìkàwé aláwọ̀ tí mo rà yìí, ìyẹn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ka ìwé tí kì í ṣe ti bébà, dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìwé ìtàn tó jẹ́ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ máa ń kà, ẹ má rà á o, ẹ lọ ra èyí tó jẹ́ dúdú àti funfun nìkan, òun lojú yín máa gbádùn jù. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń polówó ẹ̀ ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Èmi ti lò ó fún oṣù mẹ́rin gbáko, lójoojúmọ́, nínú oòrùn àti nínú òkùnkùn, ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ìdí tí mo fi rà á rèé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́, ìwé tó sì máa ń wà lọ́wọ́ mi jù ni ìwé tó ń ya àwòrán ẹ̀yà ara. Ẹni tó bá ti ṣí irú ìwé yẹn rí á mọ̀ pé àwọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú ẹ̀. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn, wọ́n á kùn ún ní pupa, èyí tó ń gbé e padà sọ́kàn á jẹ́ búlúù, iṣan ìmọ̀lára á jẹ́ yẹ́lò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì jọ máa tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wọnú apá tàbí itan. Lórí ẹ̀rọ mi àtijọ́ tó jẹ́ dúdú àti funfun, gbogbo ẹ̀ ló di eérú. Eérú mẹ́ta ni màá máa wò, màá wá mú fóònù kí n tún ṣí ìwé kan náà níbẹ̀ kí n lè mọ èwo ni èwo, tí mo bá sì ti mú fóònù báyìí ìwé kíkà parí nìyẹn, torí ẹnì kan á ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Tábúlẹ́ẹ̀tì náà wà, ṣùgbọ́n tí mo bá ti tẹjú mọ́ ọn fún wákàtí méjì, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, á máa ṣomi. Torí náà ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sikirínì aláwọ̀ tí kì í tan iná sí èèyàn lójú yìí.

Àwa tí à ń dúró dè é, a ti dúró pẹ́ o. Ọdún 2004 ni Sony ti gbé ẹ̀rọ ìkàwé tó ń lo sikirínì E Ink, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sikirínì tó jọ bébà, jáde ní Jàpáánì, Kindle àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ìkàwé ti Amazon, dé lọ́dún 2007, àtìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń béèrè pé aláwọ̀ ńkọ́? Fujitsu gbé ọ̀kan jáde ní Jàpáánì lọ́dún 2009 tí wọ́n pè ní FLEPia, ó láwọ̀ lóòótọ́, àmọ́ tó o bá fẹ́ kó gbé gbogbo àwọ̀ tó mọ̀ jáde sójú ewé kan, wàá dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Ojú ewé kan ṣoṣo o! Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ Qualcomm gbé sikirínì Mirasol dé, ìyẹn ló wú mi lórí jù nínú gbogbo wọn, wọ́n ní ara ìyẹ́ labalábá làwọn ti kọ́ ọ, pé irú ìyẹ́ kan wà tí kò ní ọ̀dà kankan nínú, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta padà lára ẹ̀ ló ń gbé àwọ̀ jáde. Ẹ̀rọ ìkàwé kan jáde pẹ̀lú ẹ̀ ní Kòríà lọ́dún 2011, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi pa gbogbo ẹ̀ tì. Ilé iṣẹ́ Liquavista náà wà níbẹ̀, àwọn yẹn ní tiwọn, omi àti epo aláwọ̀ ni wọ́n ń fi iná tì síbí tì sọ́hùn-ún lábẹ́ sikirínì, Samsung rà wọ́n, Amazon tún rà wọ́n lọ́wọ́ Samsung lọ́dún 2013, inú mi dùn nígbà yẹn, mo ní ó ti dé nìyẹn, mo dúró títí, kò sí ẹ̀rọ ìkàwé kan tó tìdí ẹ̀ yọ. E Ink fúnra wọn náà gbé sikirínì aláwọ̀ Triton jáde lọ́dún 2010, àwọ̀ ẹ̀ ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Ọdún 2020 ni E Ink wá gbé sikirínì aláwọ̀ tí wọ́n pè ní Kaleido dé, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2021, nígbà tó di 2022 Kaleido 3 jáde. Òun ló wà nínú tèmi. Òun náà ló wà nínú ẹ̀rọ ìkàwé Kobo Libra Colour àti Clara Colour tó dé lọ́dún 2024, ọdún yẹn náà sì ni Kindle Colorsoft jáde. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe tèmi torí sikirínì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta ẹ̀rọ yìí, ilé kan náà ni wọ́n ti ń ra sikirínì.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á torí ibí yìí ni gbogbo adùn ẹ̀ àti gbogbo ìkorò ẹ̀ ti wá. Nínú sikirínì E Ink, àwọn nǹkan róbótó kéékèèké kan wà níbẹ̀, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ti fọ́nrán irun orí kan lọ. Nínú róbótó kọ̀ọ̀kan, omi tó mọ́ gaara wà níbẹ̀, lẹ́búlẹ́bú funfun àti lẹ́búlẹ́bú dúdú sì wà nínú omi náà. Irú iná mànàmáná tó wà lára funfun yàtọ̀ sí irú èyí tó wà lára dúdú, torí náà tí ẹ̀rọ bá fi iná sí i báyìí, funfun á léfòó sókè, dúdú á rì, tó bá yí iná yẹn padà, dúdú á léfòó. Ibi tó bá ti dúró sí, ibẹ̀ ló máa wà, kò nílò iná kankan mọ́ títí o fi máa ṣí ojú ewé tó kàn, ìdí nìyẹn tí bátìrì ẹ̀ fi ń lo ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta tí ti fóònù ò sì lè lo ọjọ́ méjì. Kò sì ní ìmọ́lẹ̀ tara ẹ̀. Oòrùn tàbí iná inú yàrá ló ń ta lára ẹ̀ padà sójú wa, bíi ti bébà gan-an.

Wàyí o, dúdú àti funfun nìkan ni lẹ́búlẹ́bú yẹn mọ̀. Kí àwọ̀ tó lè jáde, wọ́n ní láti fi fíltà tín-ín-rín kan bo gbogbo ẹ̀ lórí, fíltà yẹn ní àmì pupa, àmì àwọ̀ ewé àti àmì búlúù, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n tò wọ́n sára ara wọn. Tí funfun bá léfòó sábẹ́ àmì pupa, pupa ni ojú máa rí, tó bá jẹ́ dúdú ló léfòó síbẹ̀, ibẹ̀ á ṣókùnkùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àmì yẹn lè wà ní ìpele 16, láti orí dúdú pátápátá títí dé orí funfun pátápátá, tí ẹ bá wá sọ 16 di púpọ̀ lọ́nà 16, tí ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 16, 4,096 lẹ máa rí, iye àwọ̀ tí wọ́n sọ pé ó lè gbé jáde nìyẹn. Ti fóònù yín ju mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún lọ. Ẹ má fi wọ́n wéra rárá, ẹni tó bá fi wọ́n wéra á kàn banú jẹ́ lásán ni.

Ohun tí fíltà yìí ń gbà lọ́wọ́ wa ni ìmọ́lẹ̀. Ẹ rò ó wò náà: ìmọ́lẹ̀ ní láti gba inú fíltà wọlé, kó dé ara funfun tó wà nísàlẹ̀, kó tún gba inú fíltà kan náà jáde, àmì pupa á sì ti gbé búlúù àti àwọ̀ ewé mì lójú ọ̀nà, pupa nìkan lá fi sílẹ̀. Mélòó ló kù tó dé ojú wa? Ìyẹn ló fi jẹ́ pé funfun ẹ̀ kì í ṣe funfun báláú, ó jọ bébà ìwé ìròyìn tó ti wà nílé fún oṣù bíi mélòó kan. Tí mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi àtijọ́ nínú yàrá kan náà lábẹ́ iná kan náà, ti àtijọ́ á mọ́ kedere, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ á dúdú bíi kóró iṣin, ti tuntun á ṣe bàìbàì. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ yẹn bàjẹ́. Bí fíltà ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ta ló wù kó ṣe ẹ̀rọ náà.

Mo tiẹ̀ gba gíláàsì tó máa ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, mo fi wo ó dáadáa lójú fèrèsé. Ibi tó jẹ́ pé ojú lásán á sọ pé funfun ni, tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ò ní rí funfun kankan níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ lẹ máa rí tí wọ́n sín pọ̀, pupa kan, àwọ̀ ewé kan, búlúù kan, gbogbo wọn rọra ń tàn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Etí lẹ́tà dúdú sì ń gé ìlẹ̀kẹ̀ yẹn kọjá. Ó pẹ́ kí n tó gbójú kúrò lára ẹ̀, torí ìgbà yẹn ló wá yé mi ìdí tí funfun yẹn fi dà bó ṣe dà, mo sì wá rí i pé iṣẹ́ ńlá làwọn èèyàn yẹn ṣe láti tó nǹkan tó kéré tó báyẹn láìṣì í tò.

Nínú ọ̀rọ̀ dúdú lásán, 300 píkísẹ̀lì, àwọn àmì kéékèèké tó ń para pọ̀ di ohun tí à ń rí lójú sikirínì, ló wà nínú ínṣì kan, ìyẹn bá ti àwọn dúdú àti funfun tó dáa dọ́gba. Tó bá wá di àwọ̀, ó já sí 150. Kaleido àkọ́kọ́, 100 péré ni tiẹ̀, torí náà tí ẹ bá rí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ aláwọ̀ àlòkù fún yín, ẹ béèrè Kaleido èwo ló wà nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má kàn gbọ́ "aláwọ̀" kẹ́ ẹ sáré. 150 yẹn, kí ló túmọ̀ sí lójú èèyàn? Àwòrán ńlá á dáa, ojú ewé tí wọ́n ya ọkàn sí látòkè délẹ̀, ẹ máa rí gbogbo iṣan ara ẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ kékeré pẹ̀lú lẹ́tà pupa, etí lẹ́tà yẹn á máa ṣe wúruwùru. Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tó fi búlúù kọ gbogbo orúkọ egungun ọwọ́, kéékèèké, mo ní láti fẹ̀ ẹ́ lójú kí n tó kà á.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti oòrùn, torí ibẹ̀ ni mo ti nífẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀sán gangan, oòrùn ń ta, mo jókòó síta, fóònù mi dúdú kirikiri, ojú ara mi ni mò ń rí nínú ẹ̀ bíi dígí. Mo ṣí ẹ̀rọ yìí, iná inú ẹ̀ wà ní òdo, ṣe ni àwọ̀ yẹn kàn jí. Pupa tó ń ṣe bàìbàì nínú yàrá lálẹ́ àná, pupa gidi ló dà. Bí oòrùn ṣe ń mú sí i ló ń dáa sí i, òdìkejì gbogbo nǹkan tó ní sikirínì tí mo ti lò láyé mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún wá bá mi níbẹ̀, mo ṣí ìwé ọmọdé kan tó ní àwòrán ẹja fún un, ó wò ó, ó fi èékánná ha ojú ẹ̀, ó ní "Àǹtí, ta ló lẹ bébà mọ́ ọn?" Mo ní kò sẹ́ni tó lẹ nǹkan kan. Kò gbà. Ìgbà tí mo ṣí ojú ewé kejì tí ẹja yẹn yí padà di ẹyẹ ló tó gbà mí gbọ́, ó wá jókòó tì mí, ó ní kí n máa ṣí i lọ.

Alẹ́ ńkọ́? Lálẹ́, ẹ máa tan iná inú ẹ̀ o, kò sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ lè dá sí i. Iná yẹn kì í tàn sójú yín bíi ti fóònù, etí sikirínì ni wọ́n to iná kéékèèké sí, wọ́n wá ń tàn sórí sikirínì, ó wá ń ta padà, torí náà ojú ò ro mí rí nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ àtijọ́, tí mo bá fi iná sí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, mo ti ń kàwé lọ. Lórí èyí, ó kéré tán ìdá márùndínlógójì kí n tó gbádùn ẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé iná yẹn, bátìrì ló ń jẹ. Àtijọ́ ń lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ mi, tuntun ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ṣì ju fóònù lọ fíìfíì, mi ò bínú sí i. Nǹkan kan tún wà tó máa ń ṣe lálẹ́, tí iná ẹ̀ bá pọ̀ tí mo sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, nǹkan kan bí òṣùmàrè fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ máa ń sáré kọjá lójú ibi tó funfun. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ń rí i, báyìí mi ò rí i mọ́ àyàfi tí mo bá wá a.

Òjìji náà wà. Tí mo bá kúrò lójú ewé tí wọ́n kùn ní pupa, tí mo bọ́ sójú ewé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan, màá rí òjìji pupa yẹn lẹ́yìn ọ̀rọ̀, rírí bí ẹni pé wọ́n kọ ìwé sórí bébà tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀. Ètò kan wà nínú sẹ́tínì ẹ̀ tẹ́ ẹ fi lè sọ fún un pé kó máa nu ojú ara ẹ̀ mọ́ ní gbogbo ojú ewé, tẹ́ ẹ bá tan ìyẹn, òjìji á lọ, ṣùgbọ́n á máa ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ dúdú-funfun kó tó gbé ojú ewé tuntun dé. Àwọn kan ò lè fara da ṣíṣẹ́jú yẹn. Èmi, tí mo bá ń ka ìwé tó láwòrán, mo tan án, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, mo pa á.

Nǹkan tí mi ò rò tì rárá nígbà tí mò ń rà á, tó wá di èyí tí mò ń lò jù, ni fífi àwọ̀ sàmì sí ọ̀rọ̀. Láyé àtijọ́ mi, gbogbo ohun tí mo bá sàmì sí, eérú kan náà ni, tí mo bá padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mi ò ní rántí ìdí tí mo fi sàmì sí i. Báyìí, yẹ́lò ni ohun tí mo gbọ́dọ̀ há sórí, pupa ni ohun tí olùkọ́ ti sọ pé ó lè wá nínú ìdánwò, búlúù ni ibi tí kò yé mi tí mo fẹ́ béèrè. Kí ìdánwò tó dé, mo kàn ń ṣí ìwé lọ ni, mò ń wá búlúù. Búlúù tó kù ní orí kẹfà nígbà yẹn jẹ́ mẹ́tàdínlógún, mo béèrè gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan, mo ń pa wọ́n rẹ́ bí wọ́n ṣe ń yé mi.

Àwọn tó ń ka ìwé àwòrán alásọ̀rọ̀ náà á gbádùn ẹ̀. Mo ka bíi mẹ́fà lórí ẹ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n fi àwọ̀ pẹlẹbẹ kùn láìsí òjìji púpọ̀ nínú àwòrán wọn, ìyẹn bá a lára mu. Èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kùn tó kún fún òkùnkùn àti iná, tó jẹ́ pé alẹ́ ni gbogbo ìtàn ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kò hàn dáadáa, gbogbo ẹ̀ á kàn rì sínú ara ẹ̀. Fọ́tò èèyàn náà, ẹ má retí púpọ̀ níbẹ̀.

PDF o, irú fáìlì tí ojú ewé ẹ̀ kì í yí padà bá sikirínì mu! Tèmi jẹ́ 7 ínṣì, ìwé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ńlá tí wọ́n wá sọ di PDF, kò lè wọ ibẹ̀ kó ṣeé kà. Mo máa ń fẹ̀ ẹ́, màá fà á síbí fà á sọ́hùn-ún, bó sì ṣe ń lọ́ra yẹn, sùúrù èèyàn á fẹ́ẹ̀ tán. Tó bá jẹ́ PDF ni iṣẹ́ yín, ẹ wá èyí tó jẹ́ 10.3 ínṣì, wọ́n wà pẹ̀lú Kaleido 3 nínú. Ká ní mo mọ̀ ni, òun ni mi ò bá rà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ka Yorùbá lórí ẹ̀rọ, ẹ dúró gbọ́ èyí, torí kò sí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Lẹ́tà tó ní àmì lókè tó sì tún ní àmì lábẹ́, bíi ẹ́ àti ọ̀, kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tiẹ̀, àmì ohùn náà ní nọ́ńbà tiẹ̀, fọ́ǹtì, ìyẹn irú ojú lẹ́tà tí ẹ̀rọ ń lò, ló ní láti mọ bó ṣe máa gbé àmì lé lẹ́tà lórí síbi tó yẹ. Fọ́ǹtì tó bá ẹ̀rọ mi wá ò mọ̀ ọ́n ṣe, àmì á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà mìíràn á lọ gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Lórí sikirínì tó ti ṣe bàìbàì tẹ́lẹ̀, ìyẹn burú, ọkọ́ àti ọkọ̀ á di nǹkan kan náà. Mo gba fọ́ǹtì Charis SIL sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, mo fi wáyà so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, mo jù ú sínú fódà fọ́ǹtì ẹ̀, gbogbo àmì jókòó síbi tó yẹ. Noto Serif náà máa ṣe é. Ẹ tún jẹ́ kó ki díẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ní ibi tẹ́ ẹ ti lè mú lẹ́tà ki sí i, lórí sikirínì aláwọ̀ ni ìwúlò ìyẹn hàn jù, torí lẹ́tà tó bá tín-ín-rín, fíltà á gbé e mì.

Ṣé ohun tó dáa ju Kaleido lọ wà? Ó wà. E Ink ní òmíràn tí wọ́n ń pè ní Gallery 3. Ìyẹn ò lo fíltà rárá, lẹ́búlẹ́bú mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀ níbi tí ti Kaleido ti ní méjì, funfun, yẹ́lò, búlúù tó ń sún mọ́ àwọ̀ ewé, àti pupa tó ń sún mọ́ àwọ̀ elésè àlùkò, iná á máa pè wọ́n jáde níkọ̀ọ̀kan, á tún máa pò wọ́n pọ̀. Wọ́n ní àwọ̀ tó lè gbé jáde ju 50,000 lọ, ó sì lè wà ní 300 píkísẹ̀lì nínú ínṣì kan, àwọ̀ àti ọ̀rọ̀ bákan náà. Sikirínì ẹ̀rọ reMarkable Paper Pro tó jáde lọ́dún 2024 wá láti ìdílé yẹn. Ẹnì kan yá mi ẹ̀rọ tó ní irú ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo rí pupa tó jinlẹ̀, mo rí yẹ́lò tó pọ́n, mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí lẹ́búlẹ́bú mẹ́rin yẹn tó tò ara wọn tán síbi tó yẹ, ó máa ń gba àkókò, E Ink fúnra wọn sọ pé àwọ̀ tó dáa jù á gba ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀, ojú ewé á sì máa ṣẹ́jú kó tó parí. Ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ tàbí tó ń wo àwòrán kan pẹ́ títí ò ní kà á sí. Èmi tí mo máa ń ṣí ojú ewé lọ ṣí i bọ̀ láàárín àwòrán àti àlàyé ẹ̀, lọ́jọ́ kẹta mo ti ń dá a padà tọkàntọkàn. Kaleido ṣí, ó dé, ó parí.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ lè fi ṣọ́ra. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lápá ọ̀tún ẹ̀ látòkè délẹ̀ tí kì í yí padà, ojú ewé yòówù kí n ṣí. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dákẹ́, mo tún kọ òmíràn, mo fi fọ́tò sí i, wọ́n wá ní kí n dá a padà, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá kí n tó ṣàkíyèsí ni, wọn ò bá má gbọ́ ọ, torí ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n kọ sínú àdéhùn. Torí náà, ọjọ́ tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ gan-an, ẹ wá ojú ewé tó funfun látòkè délẹ̀, ẹ tan iná ẹ̀ dópin nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ wo gbogbo etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ibì kan wà tó yàtọ̀ sí ibì kan. Lẹ́yìn náà ẹ wá ojú ewé tó dúdú, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ẹ ra ìbòrí tó le sí i lára lọ́jọ́ kan náà, ẹ jọ̀ọ́. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ sikirínì yìí, gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, tó bá ti sán, kò sí àtúnṣe tó nítumọ̀, owó sikirínì á fẹ́ẹ̀ tó owó ẹ̀rọ tuntun. Bí èyí àtijọ́ mi ṣe lọ nìyẹn lóṣù tó kọjá, ìwé ńlá kan ló tẹ̀ ẹ́ nínú báàgì, kò já bọ́, kò gbá nǹkan kan, mo kàn ṣí i mo rí i pé ìdajì ojú ẹ̀ ti dúró sójú kan, ó sì dùn mí gan-an torí mo ṣì ń fi ka ìwé ìtàn lálẹ́.

Báyìí, tuntun yìí nìkan ló kù, òun ni mo fi ń ka gbogbo nǹkan, ìtàn pẹ̀lú. Ojú ewé 412 ni mo wà nínú ìwé ẹ̀yà ara, iṣan ọrùn la dé. Búlúù tó wà níbẹ̀ ò rinlẹ̀ tó ti bébà, yẹ́lò ẹ̀ rí bàìbàì lálẹ́ yìí, ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì mọ èwo ni èwo láìmú fóònù.